Abala Keje Tí Alága Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ

Bí ẹ bá gbọ́ pé ọkùnrin kan wà ní Ìlúà tó ń jẹ́ Alága Àgbà, Baba Òfin, Adájọ́ Ilẹ̀ Tí Ojú Kò Rí, ẹ má wulẹ̀ ṣí fìlà. Èmi ni. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi orúkọ ẹlòmíràn sọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n gbogbo Ìlúà ló ti gbọ́ ọ, àwọn ará Òkèhò sì ti gbé e lọ sílé, kí ni mo tún fẹ́ fi pamọ́? Gbọ́láhàn Mákindé lorúkọ mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì fún ìjọba. Nígbà yẹn, bí mo bá wúkọ́, ènìyàn mẹ́ta á dìde dúró. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo wúkọ́ títí, kò sẹ́ni tó dìde, àfi ìyàwó mi tó lọ ra oògùn ikọ́ fún mi.

Inú òfo yẹn ni mo wà tí eré ẹ̀dá fi wọ ìlú wa. Àgùnbánirọ̀ kan ló gbé e wá. Nígbà tó ń lọ, ó fi ìwé kan tó nípọn àti àpò dáìsì kékeré kan sílẹ̀ fún Ràsáàkì, àgbẹ̀ oníṣu tó gbà á sílé. Eré náà kò le. Kálukú á dá ẹ̀dá kan sórí ìwé: orúkọ rẹ̀, bí agbára rẹ̀ ṣe tó, bí ọgbọ́n rẹ̀ ṣe tó, ohun tó gbé lọ́wọ́. Ẹnì kan á máa darí ìtàn, á ní, "Ẹ dé etí odò, ẹranko kan yọ sí yín." Ẹ ó sọ ohun tí ẹ̀dá yín fẹ́ ṣe, ẹ ó wá ju dáìsì kan tó ní ojú ogún. Bí nọ́ńbà bá pọ̀, ohun tí ẹ fẹ́ ti bọ́ sí i. Bó bá kéré, ẹranko ti rí yín mú. Ogún ló ga jù. Ẹni tó bá ju ogún, kò sí ohun tí ẹ̀dá rẹ̀ kò lè ṣe.

Àwa mẹ́rin là ń ṣe é, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, nínú ilé tí Ràsáàkì ń kó àgbàdo sí. Ràsáàkì wà níbẹ̀. Àdìjátù wà níbẹ̀, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama. Òun ló ń darí ìtàn. Mojeed tó ń tún fóònù ṣe wà níbẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, mo jókòó jẹ́ẹ́ sórí bẹ́ńṣì bí ọmọlúàbí, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Ràsáàkì àti Àdìjátù ń jiyàn bóyá ẹ̀dá tó wà lórí igi lè ta ọfà sísàlẹ̀ láìjábọ́. Mo wúkọ́. Wọ́n dákẹ́! Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo ní ẹgbẹ́ yìí nílò alága. Ta ló béèrè? Kò sẹ́ni tó béèrè. Ta ni wọ́n fi jẹ ẹ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé àga onírọ̀gbọ̀kú láti ilé lọ síbẹ̀. Ẹ̀yìn alùpùpù Mojeed ni à ń dì í mọ́. Bí mo bá ti wọlé, gbogbo wọn á dìde, Mojeed á máa pe oyè: "Alága Àgbà! Baba Òfin! Adájọ́ Ilẹ̀ Tí Ojú Kò Rí! Ẹni tó wúkọ́ tí ẹkùn dákẹ́!" Kò ní dáwọ́ dúró títí màá fi mi orí. Èmi náà á wá bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn ńlá! Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́lá! Mo kí yín ní kíkí tó ní gbòǹgbò! Mo kí yín ní kíkí tó ní ẹ̀ka! Mo kí yín ní kíkí tó ti so, tó ti pọ́n, tó sì ti ń jábọ́!"

Ènìyàn ńlá tí mò ń kí kò ju mẹ́ta lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ń jẹ ẹ̀pà.

Kí n sọ díẹ̀ nínú ìdájọ́ mi fún yín, kí ẹ lè mọ irú orí tí wọ́n gbé oyè lé. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀dá Mojeed wẹ odò pẹ̀lú gàrí nínú àpò. Ìbéèrè dìde: ṣé gàrí náà ṣì jẹ́ oúnjẹ ìrìn àjò? Mo yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Èmi ni alága rẹ̀, èmi ni akọ̀wé rẹ̀, Mojeed ni ẹni kẹta. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni a fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, tí gbogbo ẹ̀dá yòókù dúró sínú omi dé ọrùn. Níkẹyìn mo gbé ìdájọ́ kalẹ̀: gàrí tó bá ti kan omi ti di mímu, ẹ̀dá tó ni ín gbọ́dọ̀ mu ún tán lójú ẹsẹ̀, kó tó lè bá ẹnikẹ́ni jà.

"Láìsí ṣúgà, Alága?" Àdìjátù béèrè.

"Ìgbìmọ̀ á jókòó lórí ti ṣúgà," ni mo dá a lóhùn.

Ti gàrí ṣì jẹ́ ẹ̀rín. Ti Ràsáàkì kì í ṣe ẹ̀rín rárá. Oṣù mẹ́jọ ni Ràsáàkì fi tọ́ ẹ̀dá rẹ̀, jagunjagun kan tó ń jẹ́ Jagunmólú. Bó bá dé láti oko, á jókòó ti ìwé náà, á máa fi agbára kún agbára, ọgbọ́n kún ọgbọ́n. Sátidé kan, ẹkùn fò yọ sí Jagunmólú.

"Mo fi ọ̀kọ̀ gún un," Ràsáàkì ní.

Mo ní kó gbé ìwé rẹ̀ wá. Mo wọ awò ojú. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni "oko kan, o mu," láìsí àmì kankan, bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́. Mo kà á sókè: "Ọkọ́ kan, ó mú. Ọkọ́ lo gbé wá, Ọ̀gbẹ́ni Ràsáàkì. Ṣé ebè lo fẹ́ kọ fún ẹkùn ni?"

Mojeed rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kọ̀ ni," Ràsáàkì ní. "Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè ni mò ń ro oko. Kí ni màá tún gbé ọkọ́ wá síbi eré fún?"

Àdìjátù dá sí i. "Ẹ jẹ́ ká máa fi àmì ohùn sí ohun tí a bá kọ, Alága. Àmì méjì péré lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ìjà ti parí."

Ibí yìí ló yẹ kí n ti sọ òótọ́ fún yín. Mi ò mọ àmì ohùn fi sí ọ̀rọ̀. Gbogbo bí mo ṣe jẹ́ Baba Òfin yẹn, bí wọ́n bá ní kí n fi àmì sórí orúkọ ara mi, òógùn á bò mí. Ṣé màá wá gbà kí tíṣà kan máa fi yíǹkì pupa mú èmi lójú ẹgbẹ́? Mo dìde.

"Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ girama! Àmì ń jẹ àyè, àmì ń jẹ yíǹkì, àmì kì í sì í bọ̀wọ̀ fún àgbà! Láti òní lọ, ọ̀rọ̀ tó bá lè ní ohùn méjì, ohùn tí ẹnu bá kọ́kọ́ fi kà á ni òfin!"

Nítorí pé ọwọ́ mi ni ìwé máa ń kọ́kọ́ dé, ẹ̀yin náà mọ ẹnu ta ni òfin ń gbé. Jagunmólú gbé ọkọ́ kojú ẹkùn. Ẹkùn pa á. Ràsáàkì ká ìwé rẹ̀, ó fi sápò, ó ní, "Ó dàárọ̀ o." Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó padà wá, nítorí pé òun ló ni ilé, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ́. Mo rí i pé ó dùn ún. Mo fojú fò ó.

Lẹ́yìn èyí ni mo jókòó kọ ìwé òfin ẹgbẹ́ sórí fóònù mi, abala méjìlá, Mojeed sì bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Abala Keje ni mo fẹ́ràn jù. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Alaga ti o ba ri ogun ti o sa, ki i se alaga mo." Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi kì í sá fún ogun. Ogun wo? Ní Ìlúà, níbi tó jẹ́ pé ìjà tó le jù lọ́dún yẹn ni ti ewúrẹ́ tó jẹ gbágùúdá aládùúgbò! Mo fi àyà síwájú, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́ láìkà á, bí ẹni ń pín ìkéde. Mojeed pàtẹ́wọ́. Àdìjátù wo ìwé náà pẹ́ díẹ̀.

"Ṣé bí ẹ ṣe kọ ọ́ yìí náà ló máa wà, Alága? Láìsí àmì?"

"Láìsí àmì," mo ní, "títí ayé."

"Ó dáa," ó ní, ó sì pa á dé.

Ó ku ti ẹ̀dá tèmi. Bẹ́ẹ̀ ni, adájọ́ ni mí, mo sì tún ń ṣeré; èmi ni mò ń dá ẹjọ́ ara mi, n kò sì jẹ̀bi rí. Òfin ni pé bí ènìyàn bá ń dá ẹ̀dá, á ju dáìsì kéékèèké mẹ́ta fún agbára, á jù wọ́n fún ọgbọ́n, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé orí ohun mẹ́fà, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Nọ́ńbà tó ga jù tí wọ́n lè kó jọ ni méjìdínlógún. Èmi ju tèmi nílé, lórí ibùsùn. Méjìdínlógún ló bọ́ sí, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Mo sọ ẹ̀dá náà ní Ọba Ayérayé. Nígbà tí Àdìjátù béèrè ẹlẹ́rìí, mo ní ìyàwó mi wà nílé. Mojeed pè é lórí fóònù, gbogbo wa sì ń gbọ́.

"Ẹ̀yìn ilé ni mo wà, mò ń rẹ́ ilá," ni Àtinúkẹ́ aya mi wí. "Mo kàn ń gbọ́ tí Bàbá Fadékẹ́ ń pariwo méjìdínlógún, méjìdínlógún. Mo rò pé ọjọ́ orí ọmọ ẹnì kan ni wọ́n ń kà."

"Ó gbọ́ ọ!" Mojeed ké. "Ẹni tó gbọ́ ti rí ìdajì!"

Bí mo bá wá ń ju dáìsì olójú ogún níbi eré, ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Kí ó tó dúró ni ọwọ́ mi á ti bò ó. Màá ké "Ogún!", màá ṣà á kúrò láàárín hóró àgbàdo tó wà lórí tábìlì, ó ti wọ àpò agbádá. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń ju ogún láìsinmi. Bí ẹni kan bá ní òun kò rí i, Mojeed á ní ojú Alága tó fún gbogbo wa. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tí wọ́n bá ń yìn, etí rẹ̀ kì í gbọ́ ohun mìíràn.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà tí àwọn ẹgbẹ́ eré ẹ̀dá Òkèhò fi ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀. Bí eré bá dùn, wọ́n ní kí a da ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀, kí á yan alága kan fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà. Gbogbo Kájọlà! N kò sùn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo rán agbádá tuntun. Mo tẹ àwòrán ara mi sórí bánà, mo ní kí wọ́n gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà Ràsáàkì, pẹ̀lú gbogbo oyè mi. Oyè náà gùn débi pé ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè níbẹ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jù. Bí mo bá pàdánù àga yẹn, kò sí ibòmíràn láyé tí ènìyàn ti ń dìde fún mi. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn, òun ló sì sọ mí di wèrè.

Àwọn mẹ́ta ló wá láti Òkèhò. Kẹ́hìndé, obìnrin aránṣọ kan tí kì í pariwo, ló ṣáájú wọn. Mojeed pe oyè mi títí àwọn àlejò fi jókòó láìgbàṣẹ. Mo kí wọn ní kíkí tó ní gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà eré bẹ̀rẹ̀, ó sì dùn, kí n má parọ́, títí ó fi kàn mí.

"Ẹ̀fọ̀n olórí méjì kan dúró sẹ́nu ihò," ni Àdìjátù wí. "Ojú mẹ́rin ló fi ń wo Ọba Ayérayé. Ó ń fẹsẹ̀ walẹ̀. Kí ni Ọba fẹ́ ṣe?"

Mo dìde. "Ọba Ayérayé kì í bá ẹran jà níjòókòó! Ọba Ayérayé á di ìwo mú, ìwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á gbé ẹ̀fọ̀n sókè, á bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀!"

Mo ju dáìsì. Ó yí, ó kọ lu ìgò omi Kẹ́hìndé, ó sì dúró sáàárín àgbàdo. Mo rí i kedere. Ẹẹ́ta ni.

"Ogún!" Mo ṣà á, ó wọ àpò.

"Èmi ò rí i o," Kẹ́hìndé ní.

"Ojú Alága tó fún gbogbo wa," Mojeed ní.

Àdìjátù fi bírò sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó sọ ohun tó ṣe ẹ̀fọ̀n, ṣé mo lè ka Abala Keje inú ìwé òfin Alága sí etígbọ̀ọ́ àwọn àlejò?"

Orí mi wú. Mo rò pé ó fẹ́ yìn mí ni. "Kà á sókè," mo ní. "Kí ará Òkèhò gbọ́!"

Ó ṣí ìwé. Ohùn tó fi ń pe ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló fi kà á, díẹ̀díẹ̀: "Alága tí ó bá rí ogún, tí ó ṣà, kì í ṣe alága mọ́."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ràsáàkì ni.

"Rárá o!" mo pariwo. "Ogun ni mo kọ! Ogun tí wọ́n ń jà! Sá ni, kì í ṣe ṣà!"

"Kò sí àmì níbẹ̀, Alága," Àdìjátù ní. "Ẹnu mi ló sì kọ́kọ́ kà á."

"Ṣà kí ni? Òfin kò sọ ohun tó ṣà!"

"Ohun tó wà nínú àpò yín," ni Ràsáàkì dáhùn.

Kẹ́hìndé gbé ọwọ́ sókè. Àánú mi ló ṣe é, Ọlọ́run á san án fún un, ṣùgbọ́n àánú náà ló pa mí. "Ẹ ní sùúrù. Bó bá jẹ́ pé kì í ṣe ogún ni bàbá rí, òfin yẹn ò mú wọn. Bàbá, ẹ sọ fún wa, kí lẹ rí?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ dúró sípò mi wò. Bí mo bá ní ogún ni, àga ti lọ. Bí mo bá ní ẹẹ́ta ni, òpùrọ́ ni mí lójú ìlú méjì, ẹ̀fọ̀n á sì tẹ Ọba Ayérayé pa. Mo wo Mojeed. Mojeed ń wo àpò àgbàdo bí ẹni tí wọ́n ní kó kà wọ́n. Ẹ̀rù bà mí gidi, irú èyí tí n kò rí ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n iṣẹ́ ìjọba.

"Fóònù mi ń dún," mo ní.

Fóònù náà wà lórí tábìlì níwájú wọn. Ó ti kú láti àárọ̀. Mo dìde, agbádá kọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo fà á tu, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, nígbà tí mo dé ìta tán, ẹ má bi mí, eré ni mo sá. Ohùn kan tẹ̀ lé mi, ohùn tí mo mọ̀ dáadáa, ohùn tó ti ń pe oyè mi láti ọjọ́ yìí wá.

"Ó rí ogun, ó sá!" Mojeed ń ké tayọ̀tayọ̀. "Ohùn méjèèjì ti mú wọn! Wọn kì í ṣe alága mọ́ lọ́nà méjì!"

Mo bá Àtinúkẹ́ lẹ́yìn ilé. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣe: ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú mi délé. Mo jókòó sórí odó, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Kí lẹ rí gan-an, Bàbá Fadékẹ́?"

"Ẹẹ́ta."

Ó ṣa òkúta kan, ó sọ ọ́ nù. "Kí ẹ tó di alága, Ràsáàkì kì í ti oko bọ̀ kó má yà níbí. Ẹ ó jọ jókòó, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ á fi tutù. Ìgbà wo ló wá kẹ́yìn?"

N kò lè rántí. Mo sunkún. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀: Baba Òfin jókòó sórí odó, ó sunkún.

"Alága ni wọ́n lé," Àtinúkẹ́ ní. "Wọn ò tíì lé yín."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó lè gbé ojú mi lọ síbẹ̀. N kò gbé àga dání. Kò sẹ́ni tó dìde. Mo lọ bá Ràsáàkì tààrà, mo ní ọ̀kọ̀ ni, mo mọ̀ pé ọ̀kọ̀ ni láti ọjọ́ yẹn, kó má bínú. Ó kàn sún lórí bẹ́ńṣì, mo sì jókòó.

Wọ́n ní kí n dá ẹ̀dá tuntun, kí n ju dáìsì lójú gbogbo ènìyàn. Agbára: méje. Ẹwà: mẹ́fà. Ọgbọ́n: mẹ́rin. Mojeed ní dáìsì náà mọ̀ mí. Nígbà tí mo parí, Àdìjátù tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ìwé.

"Ó ku àléébù, Bàbá. A ti fi kún òfin. Gbogbo ẹ̀dá gbọ́dọ̀ ní àléébù kan, ibẹ̀ ni ìtàn ti ń dùn."

Mo gba bírò. Mo kọ ọ̀kan. Mo rántí òmíràn, mo kọ ọ́. Nígbà tí ìsàlẹ̀ ìwé kún, mo yí i sẹ́yìn. Nígbà tí ẹ̀yìn kún, mo bẹ Àdìjátù kó fún mi ní ìwé kan sí i.

"Àléébù kan péré ni mo ní kí ẹ kọ, Bàbá!"

"Mo gbọ́," mo ní, "mò ń wá èyí tó kéré jù ni."

Ràsáàkì na ọrùn, ó ń ka ohun tí mo kọ. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fi fa ìlà sórí èyí tó wà lókè pátápátá, èyí tí mo kọ́kọ́ rántí: kò lè bá ènìyàn jókòó.

"Ẹ yọ èyí," ó ní. "Ẹ ti jókòó báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sọ́hùn-ún díẹ̀, mo ti fẹ́ jábọ́."